Príńtà tí fóònù ń rí, tí Linux ò rí: iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Samaru

Ọjọ́rú, òwúrọ̀

Ìpè Màmá, tí wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ló jí mi. Wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n fi ní kí n máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, pé príńtà ò ṣiṣẹ́.

"Kì í kúkú ṣe pé ó kú," ni wọ́n ní. "Tí mo bá fi fóònù mi rán an níṣẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà tí o kó Linux yẹn sí ni kì í dá lóhùn. Wọ́n á ní àwọn ti rán iṣẹ́ lọ, príńtà á sì dákẹ́ bí orogún tó ń bínú."

Wọn ò bú Linux o, àmọ́ mo gbọ́ ọ lábẹ́ ohùn wọn. Èmi ni mo bá wọn yọ Windows kúrò lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì lọ́dún tó kọjá, nítorí fáírọ́ọ̀sì tí fláàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wọlé lójoojúmọ́. Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà, ìbáà ṣe fáànù òkè, ẹ̀bi Linux ni.

Samaru ni ṣọ́ọ̀bù wà, ní Zaria, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n ti ń di prójẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ọ̀fà ni Màmá, ṣùgbọ́n Sabon Gari níbí ni wọ́n bí wọn sí. Bí wọ́n bá ń ná ọjà ní Hausa, ẹ ò ní mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni. Àsìkò tí àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn ń sáré kó prójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ la wà yìí, ọjọ́ kan tí príńtà bá fi dákẹ́, owó ńlá ló lọ yẹn.

Mo débẹ̀ láàárọ̀, ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́fà ń dúró, ọ̀kan ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ nínú òtútù, mi ò mọ ìdí.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn, èmi kì í kọ́kọ́ bi èèyàn léèrè. Ẹ̀rọ ni mo máa ń bi. CUPS ni orúkọ ohun tó ń ṣètò ìwé títẹ̀ lórí Linux. Ọ̀gbẹ́ni Michael Sweet ló kọ ọ́, ọdún 1999 ló jáde sí gbangba, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí Mac ní 2002, ó sì rà á ní 2007, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà Mac àti Linux jọ ń sọ èdè kan náà sí príńtà. Ẹnu rẹ̀ kì í dí, ó kàn jẹ́ pé èèyàn kì í bi í. Mo ṣí ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, mo kọ:

lpstat -o | wc -l

Ó dá mi lóhùn pé 23. Iṣẹ́ mẹ́tàlélógún ló tò sí ìlà tí kò kúrò. Mo tún kọ:

lpstat -v

Èsì rẹ̀ nìyí:

device for Laser: socket://192.168.1.50:9100

Mo wò ó, mo sì rẹ́rìn-ín ara mi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tìkára mi ni mo fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ náà ni mo kánjú, mo ní kí n má wulẹ̀ dara mi láàmú, mo wo àdírẹ́ẹ̀sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ráútà ń pín fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí príńtà ń lò lọ́jọ́ náà, mo kàn án mọ́ ibẹ̀ bí ẹni kan ìṣó. Pọ́ọ̀tù 9100, ẹnu ọ̀nà kan lára príńtà, kì í béèrè ọ̀rọ̀: ẹ da ìwé sí i, á gbà á, kì í sábà sọ bóyá tónà ti tán tàbí pépà ti há.

Mo bi Màmá pé kí ló yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. "Kò sí nǹkan kan tó yí padà." Mo tún béèrè. "Kò sí." Ọmọ wọn ọkùnrin, tó ń ka ìwé ní igun, ló wá gbé orí sókè: "Ẹ̀gbọ́n, ráútà jóná lálẹ́ Sunday. Iná ló dé pẹ̀lú agbára. Tuntun ni mo rà yẹn."

Ráútà tuntun! Lójú Màmá, kì í ṣe nǹkan tó yí padà nìyẹn, nítorí fóònù wọn ṣì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí àtijọ́ máa ń pín àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1. Tuntun yìí, 192.168.8 ló ń pín. Linux ń kan ìlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti wó, ó sì ní sùúrù débi pé á kàn án títí di alẹ́.

Mo ní kí príńtà tẹ ìwé ìròyìn ara rẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú wọn ló ní bọ́tìnì kan tí a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, a ó rí ojú ìwé kan tó sọ orúkọ Wi-Fi tó wà lórí rẹ̀ àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. 192.168.8.101 ló kọ. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn, kí n kàn yí nọ́ńbà padà, kí n lọ jẹun. Kó tó di pé mo yí i, mo ní kí n pè é wò:

ping -c 3 192.168.8.101

From 192.168.8.104 icmp_seq=1 Destination Host Unreachable

Kọ̀ǹpútà wà ní 104, príńtà wà ní 101, àdúgbò kan náà, wọn ò sì rí ara wọn. Oúnjẹ ò ṣeé jẹ mọ́.


Ọjọ́rú, ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ wákàtí kan ààbọ̀ tí mo fi ṣòfò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ mi wà.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni 2.4 àti 5, ìgbì méjì tí Wi-Fi ń gbà rìn. Príńtà yìí ò gbọ́ ju Wi-Fi 2.4 GHz lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ príńtà kéékèèké ṣe rí. Ráútà tuntun ní méjèèjì. Mo ní á jẹ́ pé kọ̀ǹpútà wà lórí 5, príńtà wà lórí 2.4, òun ni wọn ò fi rí ara wọn. Mo kọ:

nmcli -f IN-USE,SSID,FREQ dev wifi

Mo wo ọwọ̀n FREQ, mo rí 5180, mo ní "Ẹ̀n-ẹ́n, mo sọ bẹ́ẹ̀!" Mo fi agbára mú kọ̀ǹpútà lọ sí 2.4. Mo pe príńtà. Kò dáhùn. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ọ̀nà méjì ni 2.4 àti 5 jẹ́, inú àgbàlá kan náà ni wọ́n já sí: ráútà ló so wọ́n pọ̀, ẹni tó gba ọ̀nà yìí wọlé á bá ẹni tó gba ọ̀nà kejì nínú ilé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, fóònù Màmá tó wà lórí 5 kì bá tí rí príńtà.

Ìfura kejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án 2024, Simone Margaritelli, ọ̀mọ̀ràn ààbò kọ̀ǹpútà kan, kéde pé ihò wà nínú cups-browsed, ìránṣẹ́ kékeré tó máa ń wá príńtà káàkiri fún CUPS. Nígbà náà, ó ń fetí sí ẹnikẹ́ni ní pọ́ọ̀tù 631, ẹni ibi sì lè gba ibẹ̀ fi príńtà ayédèrú sínú kọ̀ǹpútà rẹ. Nígbà tí mo ń gbé Linux kalẹ̀ fún Màmá, mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn, mo pa cups-browsed pátápátá. Mo wá ń rò ó lọ́kàn pé bóyá pípa tí mo pa á ló di ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn. Mo tan án padà. Kò yí nǹkan kan padà. Dájúdájú, kò lè yí i padà: ping ò bá cups-browsed ṣe rárá. Bí ping ò bá débẹ̀, kí ni a ń wá lọ sí òkè? Mo tún pa á.

Mo wá kọ `ip neigh`, tó máa ń sọ irú aládùúgbò tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Iwájú 192.168.8.101, FAILED ló wà. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ké síta pé "Ta ló ń jẹ́ 101?", ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn. Ẹnìkan ló dúró láàárín wọn tó di etí príńtà.

Lákòókò yẹn ni iná lọ. Àwọn ọmọ ìta pariwo "Babu wuta!" bí ẹni pé a ò rí òkùnkùn. Ínfátà Màmá gbé kọ̀ǹpútà àti ráútà, àmọ́ kò lè gbé príńtà onílésà, nítorí ibi tí ó ti ń mú tónà gbóná máa ń fa iná bíi áyọ́ọ̀nù. Bí mo ṣe jókòó tí n kò ní ohun tí mo lè ṣe, mo tún wo èsì nmcli tó wà lójú kọ̀ǹpútà látàárọ̀. Ọwọ̀n FREQ ni mo ti wò. Èmi ò wo ọwọ̀n tó ṣáájú rẹ̀. Orúkọ Wi-Fi tó wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìràwọ̀ tó ń fi èyí tí a ń lò hàn, parí pẹ̀lú "Guest".

Mo pe ọmọkùnrin náà. "Wi-Fi wo lo fi àwọn kọ̀ǹpútà yìí sí?"

"Èyí tí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrú ni, Ẹ̀gbọ́n. Ti gidi yẹn gùn, lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré. Ti fóònù Màmá, mo kàn fi kámẹ́rà ya àmì tó wà lẹ́yìn ráútà ni."

Ó tán. Wi-Fi àlejò ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ lè jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má sì lè rí ẹnikẹ́ni nínú ilé, kódà àlejò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ráútà yìí ò tilẹ̀ fún àwọn àlejò ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀, ó pín 192.168.8 fún onílé àti àlejò, ohun tó tan mí jẹ nìyẹn. Mo rí 104 àti 101, mo ní ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ má ṣe bínú sí Wi-Fi àlejò o. Ó dára, mi ò pa á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà Màmá ni mo kó kúrò níbẹ̀, mo sì sọ fún Linux kó má ṣe dá padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀:

nmcli connection modify "orúkọ-Wi-Fi-àlejò" connection.autoconnect no

Iná dé ní aago márùn-ún kọjá. Mo pe príńtà. Ó dáhùn láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì mẹ́rin.


Ọjọ́bọ̀

Mi ò ní kàn nọ́ńbà mọ́lẹ̀ mọ́. Orúkọ ni mo fẹ́ kí Linux máa fi pe príńtà, kí ráútà tó bá wù ú máa pín nọ́ńbà tó bá wù ú.

avahi-browse -rt _ipp._tcp

Láná, àṣẹ yìí ò mú nǹkan kan wá, Wi-Fi àlejò ti gbé e mì. Lónìí, príńtà yọ, pẹ̀lú orúkọ tó parí sí .local. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dà bí ìgbà tí èèyàn wọ ọjà tí kò ní ìwé orúkọ: kọ̀ǹpútà á ké sí àdírẹ́ẹ̀sì kan tí gbogbo ẹ̀rọ ń gbọ́, 224.0.0.251, ní pọ́ọ̀tù 5353, á ní "Ta ló ń tẹ̀wé níbí?", ẹni tó ń tẹ̀wé á sì fúnra rẹ̀ dáhùn. Kò sí baálẹ̀ kankan tó ń tọ́jú orúkọ. Igbe náà kì í sì jáde kúrò nínú ilé, ìdí nìyẹn tí kò fi lè kọjá ògiri Wi-Fi àlejò.

Ohun kan wà tí inú mi máa ń dùn sí. Nígbà tí Apple gbé AirPrint jáde ní 2010 kí iPhone lè tẹ̀wé, fóònù ò ní àyè tí wọ́n á ti máa kó dráífà, ètò tó ń kọ́ ẹ̀rọ bí á ṣe bá príńtà kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe príńtà wá ní láti fi ọgbọ́n sínú príńtà fúnra rẹ̀. Fóònù ni wọ́n ṣe é fún, Linux ló jẹ nínú rẹ̀. Príńtà tí fóònù lè lò láìsí dráífà, Linux náà sábà máa ń lè lò ó bẹ́ẹ̀. Torí náà, nígbà tí Màmá sọ lọ́jọ́rú pé fóònù àwọn ń tẹ̀wé, ó yẹ kí ọkàn mi ti balẹ̀ pé príńtà ò ní àìsàn kankan, àti pé ọ̀nà ni mo gbọ́dọ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ìlà tuntun ni mo ṣe, mo sọ ọ́ ní Samaru. Orúkọ ìlà ò gbọdọ̀ ní àlàfo nínú:

sudo lpadmin -p Samaru -E -v ipp://PRN7C41.local:631/ipp/print -m everywhere

Èmi ni mo dá PRN7C41 yẹn sọ níhìn-ín, ẹ fi èyí tí ẹ bá rí lọ́dọ̀ tiyín rọ́pò rẹ̀. "everywhere" ló ń sọ fún CUPS pé kó bi príńtà fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó lè ṣe, láìwá dráífà kiri.

Ibi tí mo ti ṣe àṣejù rèé. Dípò kí n dán ojú ìwé kan wò, mo ní kí n kó àwọn iṣẹ́ mẹ́tàlélógún tó ti ń dúró látọjọ́ Ajé lọ sórí ìlà tuntun, kí wọ́n máa tẹ̀ lọ, kí Màmá rí i pé mo ṣiṣẹ́:

sudo lpmove Laser Samaru

Ìlà ṣí. Príńtà dún, ó mí, iná ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Kò tẹ nǹkan kan. Lójú rẹ̀, ó kọ ọ́ pé kí a fi pépà Letter sí i.

Inú bí mi. Ibo la ti fẹ́ rí pépà Letter ní Zaria? Pépà Amẹ́ríkà ni, 216 mìlímítà ní ìbú, 279 ní gíga. A4 la ń lò níbí, 210 àti 297, rímù A4 ló kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Mo wo ìlà kí n tó tún un ṣe, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wò ó. Iṣẹ́ mẹ́tàlélógún yẹn kì í ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́tàlélógún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nítorí pé kò rí ìwé rẹ̀ kó jáde, ojú ewé 64 ni prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́sàn-án jẹ́ 576 ojú ewé, ó ju rímù kan lọ, kò sì sí ẹni tó máa san owó mẹ́jọ nínú rẹ̀. Òmíràn, mẹ́fà. Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́: pépà Letter yẹn ló dá rímù Màmá sí. Mo kọ `cancel -a Samaru`, gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n bá mi pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kí wọ́n tún wá rán iṣẹ́ wọn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá ò mọ bí mo ṣe súnmọ́ ọ̀fìn tó. Tí wọ́n bá ka èyí, wọ́n á mọ̀.

Kí ló ń béèrè Letter? Mo kọ `locale -k LC_PAPER`. Ó ní height=279, width=216. Èmi náà ni. Nígbà tí mo ń gbé Mint kalẹ̀, ó bi mí léèrè èdè, mo mú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tó wà lókè pátápátá, mi ò ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mú èdè Amẹ́ríkà, á mú pépà Amẹ́ríkà mọ́ ọn. Nàìjíríà wà nínú àwọn tí Linux mọ̀, ó ní en_NG fún Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, ó ní ha_NG fún Hausa, ig_NG fún Igbo, ó sì ní yo_NG fún tiwa. Ó yẹ kí n mú en_NG. Ọkàn mi ní kí n mú tiwa.

sudo locale-gen yo_NG
sudo update-locale LC_PAPER=yo_NG

Mo jáde, mo tún wọlé, mo bi í: height=297, width=210. Ọ̀rọ̀ yòókù ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì lójú kọ̀ǹpútà, pépà nìkan ló ń sọ Yorùbá. Ọmọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí.

Ìyẹn nìkan ò tó o. Ibi mẹ́ta mìíràn tún wà tí pépà ti ń gbọ́ àṣẹ. Mo yí ìlà fúnra rẹ̀ padà pẹ̀lú `sudo lpadmin -p Samaru -o PageSize=A4`. Mo lọ sójú príńtà, mo sọ fún un pé A4 ló wà nínú àpótí rẹ̀, nítorí pé Letter ni wọ́n kọ síbẹ̀ látìgbà tí ó ti jáde nínú páálí. Ìkẹta kò sí lọ́wọ́ wa: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ìwé rẹ̀ ní Letter láti ilé, Letter ló máa mú wá. Màmá ti mọ ibi tí wọ́n ti ń yí i padà nínú LibreOffice báyìí, Format, Page Style. Mo kọ ọ́ sórí pépà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà.

Ojú ewé àkọ́kọ́ jáde ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màmá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mallam tó ń ta tíì níta ní "Sannu da aiki," ìyẹn ẹ kú iṣẹ́.

Iná tún lọ ní aago méjì, nígbà tí ó ń tẹ ojú ewé kọkànlá prójẹ́ẹ̀tì ẹnìkan.

Bí a ṣe jókòó retí, ọmọkùnrin yẹn bi mí pé ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ ronú pé kí a máa fún èèyàn ní Linux lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní príńtà ló fà á. Ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ní nǹkan bí 1980, Richard Stallman, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Xerox fún wọn ní príńtà onílésà kan tí pépà máa ń há sí. Príńtà tí wọ́n ní ṣáájú, Stallman ti tún inú rẹ̀ kọ débi pé tí pépà bá há, á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dúró dè é. Ti tuntun, wọn ò fún wọn ní àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, kò lè fọwọ́ kàn án. Ó lọ bá ẹnìkan tó ní àkọsílẹ̀ náà ní yunifásítì mìíràn, onítọ̀hún ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ní 1983, ó kéde iṣẹ́ GNU, ìyẹn kíkọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kó sì tún un ṣe, èyí tí Linux bá pàdé ní ọdún 1991 sí 1992. Ọmọkùnrin yẹn wo príńtà Màmá fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tiwọn náà ń há?"

"An kawo wuta!" Iná dé ní aago mẹ́rin. Príńtà tan. Ìlà ò ṣí. `lpstat -p Samaru` ní disabled. Iná lọ láàárín iṣẹ́, CUPS rí i pé iṣẹ́ bàjẹ́, ó sì ti ìlẹ̀kùn pa, nítorí pé ìlànà tó wà lórí ìlà náà ni stop-printer: bí nǹkan bá kùnà, dúró, kí ẹnìkan wá ṣí ọ. Níbi tí iná ti ń wà lójoojúmọ́, èyí mọ́gbọ́n dání. Ní Samaru, á jẹ́ pé Màmá á máa pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́.

sudo cupsenable Samaru
sudo lpadmin -p Samaru -o printer-error-policy=retry-job

Retry-job ní kó tún gbìyànjú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ dípò kó ti ìlẹ̀kùn. Mo fa ìdí príńtà yọ nínú iná nígbà tí ó ń tẹ̀wé, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe ibi tó dé, nítorí náà ẹ yọ àwọn tó ti jáde kúrò kí ẹ má baà dì wọ́n pọ̀.

Mo ṣe ohun kan náà lórí kọ̀ǹpútà kejì, mo pa ìlà Laser àtijọ́ rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló gbà.


Ọjọ́ Ẹtì

Mo padà lọ torí pé príńtà ń fa pépà méjìméjì wọlé. Kọ̀ǹpútà ò ní ẹ̀bi kankan nínú èyí, ọyẹ́ ni. Eruku ọyẹ́ Zaria dà bí àtíkè, ó ti bo rọ́bà tó ń fa pépà wọlé, rọ́bà náà ti ń dán bí àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà tó gbó. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń mú pépà lẹ̀ mọ́ra. Mo pa iná, mo yọ rọ́bà náà, mo fi aṣọ tí kì í yọ òwú, tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ. A ń ya rímù sọ́tọ̀ báyìí kí a tó fi í sínú àpótí, a sì ń fi aṣọ bo príńtà lálẹ́. Aṣọ àǹkárá ìgbéyàwó ẹnìkan ni Màmá fi bò ó.

Mo tún wọ inú ráútà, mo sọ fún un pé kó má ṣe fún ẹ̀rọ mìíràn ní 192.168.8.101, mo fi nọ́ńbà MAC, nọ́ńbà ìdámọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tó wà nínú ìwé ìròyìn príńtà sọ ọ́. Linux ò nílò rẹ̀ mọ́, orúkọ ló ń pè. Kọ̀ǹpútà Windows oníṣirò tó máa ń wá lópin oṣù ni mo ṣe é fún.

Síkánà ò tíì ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ó rí i, ó ṣí i, àmọ́ dúdú ni ojú ewé ń jáde. Mo ti fi sane-airscan, ètò tó ń jẹ́ kí Linux lo síkánà láìsí dráífà, sí i, mi ò tíì dán an wò dáadáa, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò jẹ́ kí príńtà sinmi láti aago mẹ́sàn-án. Ọ̀la, lẹ́yìn tí Màmá bá ti tilẹ̀kùn, mo máa padà lọ.